Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Bergen pẹ̀lú màmá ẹni ọdún 71: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọgbọ́n yín ni mo wá yá. Nínú oṣù kẹfà, a fẹ́ wọ ọkọ̀ kúrúùsì ọlọ́jọ́ méje láti Southampton lọ sí Nọ́rwèy: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti màmá mi. Màmá ti pé 71. Orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí ọ̀nà bá jìn díẹ̀ wọ́n á mú ọ̀pá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé wọn, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bergen ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa débẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ṣí. Ọkọ mi ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ti kọ ètò tirẹ̀ sílẹ̀: òkè méjì, ilé olórin kan, ṣọ́ọ̀ṣì onígi, ọjà ẹja, mùsíọ́mù mẹ́ta. Mo ní, Bàbá Ìbejì, ṣé ọjọ́ kan náà la jọ ń sọ? Àwọn ọlọ́kọ̀ náà ní ìrìn tiwọn tí wọ́n ń tà, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé èèyàn káàkiri, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò owó rẹ̀ lọ́nà márùn-ún, mo rọra pa ojú ìwé náà dé.

Ìbéèrè mi nìyí: ká bá ọlọ́kọ̀ lọ ni àbí ká dá ara wa mú lọ? Kí sì ni màmá lè rí gbádùn níbẹ̀ tí orúnkún ò ní fi gba ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́?

Káyọ̀dé_Aberdeen

Ẹ kú ètò, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dé Bergen nígbà mẹ́ta. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ òkè àti mùsíọ́mù, páálí wo, ìyẹn ìwé ìrìnnà, ni màmá mú lọ́wọ́?

ÌyáÌbejì_Peckham

Ti Nàìjíríà. Wọ́n ní ìwé ìgbélùú ibí, ọdún kẹfà wọn rèé lọ́dọ̀ mi. Páálí Gẹ̀ẹ́sì ni àwa mẹ́rin yòókù ń lò.

Káyọ̀dé_Aberdeen

Ó dáa tí mo bi yín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ òkè tì ná. Nọ́rwèy ò sí nínú EU, àmọ́ ó ti wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, láti ọdún 2001. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páálí Gẹ̀ẹ́sì ò nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkurú. Màmá nílò rẹ̀. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n ní ò yí ìyẹn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fẹ́ lò nílùú. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ làwọn á máa sùn, kò kan físà. Ó kàn án. Níbi tí wọ́n ti ń gba èrò wọlé ní Southampton ni wọ́n ti máa yẹ páálí wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ní kí màmá padà sílé.

Bí gbogbo èbúté yín bá jẹ́ ti Nọ́rwèy, Nọ́rwèy náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà. Ẹ lè kọ̀wé bó bá ti ku oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ máa gbéra. Ọjọ́ 15 ni òfin fún wọn láti fi dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń pẹ́ ni rírí ọjọ́ tí màmá máa lọ tẹ̀ka. Wọ́n á tún béèrè ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó lè san owó ìtọ́jú ìlera tó yúrò 30,000, ó kéré tán. Ẹ wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ yín dáadáa pẹ̀lú: bó bá máa yà sí Shetland, erékùṣù Skọ́tíláǹdì tí kò sí nínú Schengen, kó tó tún padà wọ Nọ́rwèy, ìgbà méjì ni màmá wọ Schengen nìyẹn, físà oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan ò ní gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

BàbáTọ́lá

Káyọ̀dé ò dẹ́rù bà yín o. Àǹtí ìyàwó mi ti fi gèlè àti àpótí mẹ́ta dé èbúté rí, nítorí ọ̀rọ̀ físà yìí náà. Tákísì la fi dá wọn padà sí Luton. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé, owó ọkọ̀ sì wọgbó.

ÌyáÌbejì_Peckham

Olúwa o! Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Bẹ́ẹ̀ màmá ni mo torí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ń wá ọjọ́ ìtẹ̀ka lọ báyìí.

Alhaja_Woolwich

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ní ti ìbéèrè yín, èmi ò ní tàn yín, ọlọ́kọ̀ ni mo máa ń bá lọ. Bí bọ́ọ̀sì tí àwọn fúnra wọn kó wa sí bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè wá. Bí ẹ bá dá lọ tẹ́ ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ á ṣí, owó ara yín lẹ máa fi lépa rẹ̀ dé èbúté tó kàn. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tó ń sáré létí omi.

Èmi náà ní ìbéèrè kan fún àwọn tó mọ̀bẹ̀: báwo lẹ ṣe ń kírun nínú oṣù kẹfà lápá òkè yẹn, níbi tí wọ́n ní oòrùn kì í fẹ́ wọ̀?

ỌmọIjẹ̀ṣà_Bergen

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú mi o. Ìlú mi kejì ni, Iléṣà ṣì wà níbi tó wà. Ọdún karùn-ún mi nìyí níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé tó bá ń bọ̀.

Alhaja, oòrùn ń wọ̀ ní Bergen, ó kàn ń pẹ́ ni. Ní ìparí oṣù kẹfà, kété lẹ́yìn aago mẹ́rin ìdájí ló ń yọ, ó di lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́ kó tó wọ̀. Oòrùn ò ní yẹ àtàrí títí di nǹkan bí aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà Àyìlà nìkan ló máa bá yín nílùú. Àlàásáàrì, Màgàríbì àti Iṣáì, inú ọkọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ń bá a lọ dé Tromsø ni ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún títí di nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù keje, oòrùn ò wọ̀ níbẹ̀ rárá. Ìyẹn, ẹ bi ààfáà yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti bíbá ọlọ́kọ̀ lọ, mo ní ẹ má ná owó yẹn ní Bergen. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí ṣù jọ sójú kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ni ibi tó máa so mọ́. Bó bá jẹ́ Skolten, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ìlú àtijọ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni sí Bryggen, àdúgbò àwọn ilé onígi àtijọ́. Ẹ fún màmá ní ogún. Bó bá jẹ́ Jekteviken, àárín àwọn àpótí ẹrù ni, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló máa gbé yín wọ ìlú. Ẹ fi àkókò bọ́ọ̀sì yẹn kún ìṣirò yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà, nítorí gbogbo èrò ọkọ̀ ló máa ń rántí ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Òjò wàyí. Ó lé ní ọjọ́ 200 lọ́dún tí òjò ń rọ̀ sílùú yìí. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2006 wọ oṣù kìíní ọdún 2007, ọjọ́ 85 ló fi rọ̀ láìfi ọjọ́ kan sinmi. Agboòrùn là ń pè é nílé, òjò Bergen ò sì mọ̀ ọ́n lórúkọ yẹn: afẹ́fẹ́ máa yí i sẹ́yìn ni, ẹ ó rí òkú agboòrùn nínú ike ìdalẹ̀nù kiri ìgboro. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní fìlà lẹ́yìn, kí bàtà màmá má ṣe jẹ́ onísàlẹ̀ yíyọ̀.

Òkè kan tó. Fløyen ni. Rélùwéè kékeré kan ti ń gùn ún láti ọdún 1918, ibùdókọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí ọjà ẹja, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ló sì fi ń gbé èèyàn dé mítà 320 lókè. Kẹ̀kẹ́ arọ ń wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí náà ọ̀pá màmá ò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì gùn ún kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn bọ́ọ̀sì ọlọ́kọ̀ á ti dé, ìlà á sì gùn dé títì. Lókè, ibi ìṣeré wà fún àwọn ìbejì, ìjókòó wà fún màmá, ewúrẹ́ sì wà fún gbogbo yín. Ewúrẹ́ ibẹ̀ ò ní ọgbà o. Wọ́n so nǹkan kan mọ́ wọn lọ́rùn tó ń kọrin bí wọ́n bá ti fẹ́ kọjá ààlà. Ewúrẹ́ á gbọ́ orin, á sì yí padà. Ẹ rò ó wò ní Ijẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Kí Bàbá Ìbejì dárí jì mí, àmọ́ kí wọ́n pa ìyókù rẹ́. Òkè kejì, Ulriken, mítà 643 ni, òjò ló sì máa ń dé e lórí. Ilé olórin yẹn, Troldhaugen tí Edvard Grieg gbé, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ nínú tíráàmù, ìrìn tó lé ní ogún ìṣẹ́jú ṣì kù. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi ti Fantoft ń kọ́? Wọ́n dáná sun ún ní ọdún 1992, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n tún un kọ́ ni. Ẹ ò lè torí igi tuntun pa orúnkún àtijọ́ lára.

Káyọ̀dé_Aberdeen

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi pé ọ̀rọ̀ Alhaja náà ní ibi tó ti bá a mu. Bí ọkọ̀ bá dé Flåm, ẹ má dá tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ibẹ̀ dúró títí dọjọ́ náà. Láti etí omi ló ti ń gun òkè lọ dé mítà 866 láàárín ogún kìlómítà, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Níbẹ̀, èmi á ra ti ọlọ́kọ̀. Ní Geiranger, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ kékeré ni wọ́n máa fi kó yín dé ilẹ̀, torí bí omi bá ń mì, gbígbé ẹsẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn kì í ṣe ti ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Bí màmá ò bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rárá, wọn ò pàdánù: orí ọkọ̀ ni wọ́n ti máa rí ìṣàn omi tí wọ́n ń pè ní Arábìnrin Méje, èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì ni wọ́n ń pè ní Olùtọrọ Ìyàwó. Wọ́n ní ó tọrọ àwọn méjèèje, kò sí ẹni tó gbà.

Ìdòwú_Houston

Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹjọ. Owó Nọ́rwèy mélòó ni ká ṣẹ́ sọ́wọ́?

ỌmọIjẹ̀ṣà_Bergen

Má ṣẹ́ kankan, ẹ̀gbọ́n. Káàdì ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an, káàdì ni wọ́n ń fi ṣí i. Omi ẹ̀rọ dùn ún mu, ẹ pọn ọn sínú ike yín. Ẹ jẹun yó nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀, torí oúnjẹ ìlú yìí lè mú kí èèyàn rántí gbogbo gbèsè rẹ̀. Àmọ́ ẹ má kúrò láìjẹ búrẹ́dì dídùn onísínámọ́nì tí wọ́n ń pè ní skillingsbolle. Ọ̀kan tó èèyàn méjì.

BàbáTọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú ara mi, bóyá á ṣe yín láǹfààní. Nọ́rwèy fi wákàtí kan ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ tí a bá lọ sún aago rẹ̀ síwájú ní òru àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ìwé pélébé sórí bẹ́ẹ̀dì wa pé ká sún tiwa. Ìyàwó mi sún tirẹ̀. Èmi, aago ọwọ́ tí bàbá mi fún mi ni mò ń lò, mi ò kì í fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọjà. Èmi àti Tọ́lá wà lórí Fløyen yẹn náà, fóònù mi ti kú. Mo wo aago, mo ní aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀, jẹ́ ká mu tíì. Tíì yẹn sì dùn. Nígbà tá a fi máa dé ìdí rélùwéè, ìlà ti yí po bí ejò. Mo bi ọ̀gbẹ́ni kan ní aago, ó ní mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé! Mo bẹ àwọn tó wà níwájú wa, Ọlọ́run sì bá mi bẹ̀ wọ́n. Bá a ṣe kan ilẹ̀, a ki eré mọ́lẹ̀ gba etí omi. Ọmọ ọdún 12 ni Tọ́lá nígbà náà, òun ló ń fà mí. Àwọn èèyàn ti to ara wọn sórí bákónì ọkọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa bí ẹni ń wo eré ìje. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ọjà lọ́wọ́ méjèèjì, kò sọ nǹkan kan.

Di òní, bí mo bá bi í pé aago mélòó ló lù, á ní: "Ti Lọ́ńdọ̀nù àbí ti èèyàn?"

Alhaja_Woolwich

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Títí

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ fi ibì kan kún un tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn adẹ́tẹ̀ àtijọ́ wà ní Bergen, St. Jørgen lorúkọ rẹ̀, ó ti di mùsíọ́mù báyìí. Ìlú yìí ni dókítà Gerhard Armauer Hansen ti rí kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀ ní ọdún 1873. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ló gbà pé ìdílé ni àrùn náà ti ń wá. Mo wọ ibẹ̀ nítorí iṣẹ́ mi, mo sì rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa lò.

Gbọ̀ngàn onígi kan ni, àwọn yàrá kéékèèké tò yí i ká, ẹni méjì-méjì ló ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá na apá mi méjèèjì, ó kù díẹ̀ kó kan ògiri. Ọdún 1946 ni àwọn aláìsàn méjì tó kẹ́yìn kú níbẹ̀, wọ́n sì ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ nínú ilé yẹn. Ìdí igi ilẹ̀kùn kan ti yọ kótó níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, a ní àgọ́ adẹ́tẹ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, bàbá mi àgbà máa ń ní ká má gba ibẹ̀ kọjá. Mo jókòó sí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń ronú bàbá mi àgbà.

Kò wà fún àwọn ìbejì, mo gbà. Àmọ́ bí màmá bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, ibẹ̀ dákẹ́, ìjókòó sì wà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣí lọ́jọ́ yẹn.

ÌyáÌbejì_Peckham

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ìròyìn: mo ti rí ọjọ́ ìtẹ̀ka fún màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Màmá ti ní àwọn ò lè jẹ ọbẹ̀ funfun, ata gígún ti wà nínú ìgò nínú báàgì wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tún gbọ́ níbì kan pé Nọ́rwèy ni panla gbígbẹ ti ń wá. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń bi mí ò kọjá "Ṣé a máa rí i?" Ṣé òótọ́ ni?

ỌmọIjẹ̀ṣà_Bergen

Òótọ́ pọ́ńbélé! Màmá yín ti lóye ìlú yìí ju àwọn tó kọ ìwé ìrìn àjò lọ. Ẹja yẹn ló kọ́ Bergen.

Apá òkè, ní Lofoten, ni wọ́n ti ń pa á láti oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹrin. Wọ́n á so ó méjì-méjì ní ìrù, wọ́n á gbé e kọ́ orí igi níta gbangba, kò sí iyọ̀, kò sí iná. Atẹ́gùn òkun àti òtútù ló ń gbẹ ẹ́ títí di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, nígbà yẹn nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ á ti lọ. Orí rẹ̀, wọ́n ń gbé e kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ará Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù, orí àti àwọn ìpele yòókù sì ń lọ sí Nàìjíríà. Nígbà ogun abẹ́lé wa, láti ọdún 1967 sí 1970, ó wà lára oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n kó lọ fún àwọn ará Biafra. Òun náà ni àwọn ará Ìgbò ń pè ní okporoko.

Bryggen tí gbogbo ọkọ̀ ń kó èèyàn lọ wò yẹn, ilé ìtajà panla ni. Nǹkan bí ọdún 1360 ni àwọn oníṣòwò Jámánì dá ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á kó ọkà wá, wọ́n á kó panla lọ, ó sì ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ tí wọ́n fi ṣe é. Ilé onígi ló kún ibẹ̀, nítorí náà wọn ò gbọdọ̀ dáná nínú ilé gbígbé, ní òtútù tó ń bẹ níbí! Ilé kan lọ́tọ̀, Schøtstuene, ni wọ́n ti ń yáná tí wọ́n sì ti ń jẹun. Wọn ò tún gbọdọ̀ gbéyàwó. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn, iná jó o ní ọdún 1702, wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà; iná tún jó apá kan ní ọdún 1955. UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 1979. Ẹ gba àárín àwọn ilé náà wọlé, ẹ má dúró síwájú níbi tí gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Pákó ilẹ̀ ibẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn ògiri fara tira bí àwọn tó mutí yó, ẹ di màmá lọ́wọ́ mú. Ẹ wá àmì àwọn oníṣòwò náà: ìdajì rẹ̀ ẹyẹ idì, ìdajì kejì ẹja. Ẹja ọ̀hún dé adé.

Bí òjò bá lé yín, ẹ wọ Bryggens Museum. Wọ́n hú àwọn igi pẹlẹbẹ jáde lẹ́yìn iná ọdún 1955, àwọn èèyàn àtijọ́ ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí wọn lára. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, wọ́n gbà pé ìyàwó kan ló rán an sí ọkọ rẹ̀, ó ti tó 800 ọdún: "Gyda ní kí o máa bọ̀ nílé." Ẹnì kan gbẹ́ èsì sí ara igi kan náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kà á. Ọtí ni mo fura sí.

BàbáTọ́lá

Àrokò nìyẹn! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi rí i.

Alhaja_Woolwich

Bí ẹ bá ra panla, ẹ fetí sí mi. Èmi rà á, mo dì í ní náílọ́ọ̀nù mẹ́ta, mo fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin tó ń tún yàrá wa ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá ara mi le. Ó rò pé nǹkan ti kú síbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó tà á lẹ̀ ẹ́ pa sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà jáde, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú àpótí tó ní ìdè.

ÌyáÌbejì_Peckham (lẹ́yìn ìrìn àjò)

A ti dé o! Ẹ kú àdúrà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ká gbéra kí físà tó jáde, ọkàn mi ò sí nílé ní gbogbo ìgbà yẹn.

Skolten ni ọkọ̀ so mọ́. Aago mẹ́sàn-án a ti wà lórí Fløyen. Màmá jókòó, wọ́n wo omi, wọ́n wo àwọn ọkọ̀ tó dà bí ìsáná nísàlẹ̀, wọ́n ní: "Ọdún 1918 ni wọ́n ṣe rélùwéè yìí? Òkè Olúmọ ti gba àwa Ẹ̀gbá là ní 1830." Ọ̀rọ̀ òkè parí síbẹ̀. Àwọn ìbejì lo wákàtí kan pẹ̀lú ewúrẹ́, wọ́n ń dúró kí ọ̀kan kọrin. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìbejì nìkan ló mú agboòrùn, kò sì mú un padà wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ìgboro le ju pákó Bryggen lọ fún orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la jókòó láàárín ibùdókọ̀ rélùwéè àti etí omi. Torí ẹ̀, ilé ìwòsàn St. Jørgen ò ṣeé ṣe, Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú.

Ọjà ẹja wá ni ìtàn. Màmá lọ tààrà síbi panla. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n fi ìka kàn án kó kó bí ẹni kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbóòórùn ibi ọrùn rẹ̀, wọ́n gbé e padà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rin. Ẹni tó ń tà á ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan jáde láti abẹ́ tábìlì. Màmá kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní Yorùbá, mo ń túmọ̀, kò sì dín kọ́bọ̀ kan.

Ó lẹ̀ ẹ́ pa. Alhaja, kò rùn.

ỌmọIjẹ̀ṣà_Bergen

Bí àwọn tó ń ṣa panla sí ìpele ní Lofoten ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, imú àti ìka ni! Iṣẹ́ olówó ni o. Ẹ ní kí màmá wá gba ipò.

Ìdòwú_Houston

Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Èló ni panla ọ̀hún?

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ rọra. Mo sọ iye kan fún màmá, Bàbá Ìbejì náà mọ iye kan, báńkì mi nìkan ló sì mọ òótọ́.